Bí Ènìyàn Bá Forí Gbá Nǹkan



Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo òpópónà kan ní Muṣin ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí títì. Ọmọ méjì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì forí gbá ara wọn. Ọ̀kan ṣubú, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n bomi sí i lórí, ó dìde, kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Kí ni àwọn òǹwòran wí? “Kò ṣe é ní nǹkankan o. Padà sẹ́nu eré rẹ!” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo wá takò lónìí.

Ọpọlọ rọ̀ púpọ̀, inú egungun líle ni ó sì wà. Bí orí bá gbá nǹkan, ọpọlọ a mì nínú agbárí, bí pupa ẹyin ti ń mì nínú èèpo rẹ̀. Òde orí lè má là, fọ́tò ọsibítù pàápàá lè má fi nǹkan hàn, síbẹ̀ kí iṣẹ́ ọpọlọ ti dàrú.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ní ọdún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ kan hàn tí ó ń lo agbára òòfà. Wọ́n a gbé wáyà tí a ká bí òrùka lé ènìyàn lórí. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá wéré, agbára òòfà a wọ agbárí láìlo abẹ, a sì ta apá ọpọlọ tí ń darí ọwọ́ jí. Ìka a sì ta. Bí ẹni náà bá di nǹkan mú ṣinṣin, iṣan ọwọ́ rẹ̀ a dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdákẹ́ yìí ni wọ́n ń wọ̀n.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Montreal, ní Kánádà, gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ eléré ìdárayá àtijọ́ 19 wò tí wọ́n ti forí gbá nǹkan nígbà èwe wọn, ní ohun tí ó ju 30 ọdún lọ. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn 21 tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí. Ara gbogbo wọn le. Síbẹ̀, ìdákẹ́ iṣan àwọn 19 wọ̀nyí gùn jù, ọwọ́ wọn lọ́ra díẹ̀, ìrántí wọn kò sì já geere tó ti àwọn yòókù.

Ẹ má bẹ̀rù jù o. Ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òmíràn bá tún gbá orí náà kí ó tó san, ewu ńlá ni. Nítorí náà, ẹni tí ó forí gbá kò gbọdọ̀ padà sẹ́nu eré lọ́jọ́ náà. Kí ó sinmi, kí ó sì máa padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí gìrì mú un, tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí kò ṣe é jí lójú oorun, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Èkó wà nítòsí yín ní Ìdí-Àràbà.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ojú yín bá ṣókùnkùn lórí pápá, ẹ má fi pamọ́ nítorí kí wọ́n má baà yọ yín kúrò nínú ẹgbẹ́. Bọ́ọ̀lù ń bẹ lọ́la; orí kan ṣoṣo ni ẹ ní. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.