Orin ní Yàrá, Etí ní Pálọ̀



Ká ní kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní yàrá. Orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá tí bàbá yín kó jọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Láptọ́ọ̀pù kékeré yín wà ní pálọ̀, kò sì láyè. Ẹ má da orin kankan sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orin jókòó sí yàrá, kí láptọ́ọ̀pù lọ bá a níbẹ̀.

Bíi kànga ni. A kì í gbé kànga wọlé, korobá la ń jù sí i. Wi-Fi ilé ni okùn korobá náà.

Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà orin. Ẹ yan Properties, kẹ́ ẹ yan Sharing. Ẹ gba ará ilé láyè láti gbọ́ nìkan, ẹ má gbà wọ́n láyè láti pa nǹkan rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí. Ìka ọmọdé kan lè nu gbogbo ohun tí bàbá kó jọ.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ Network. Orúkọ kọ̀ǹpútà ńlá á yọ. Ẹ wọlé, ẹ fi VLC ṣí orin. Áàpù tí a fi ń gbọ́ orin ni VLC, ọ̀fẹ́ sì ni.

Gbígbọ́ orin báyìí kò jẹ dátà, torí orin ò jáde nílé. Àmọ́ Wi-Fi kan náà ni kí ẹ̀rọ méjèèjì máa lò, kí kọ̀ǹpútà ńlá má sì sùn.

Mo tún un sọ: orin ò kúrò ní yàrá, láptọ́ọ̀pù ló ń lọ bá a. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Hárúnà díẹ̀.