Òkè kì í kú, Ìtàn ni í kú

Li ọdún 1953 ni Hillary àti Tenzing dé orí Everest, òkè tí ó ga jù lọ li ayé. Tom Stobart bá ẹgbẹ́ wọn lọ, ó sì ya ìrìn náà sí sinimá. Bẹ́ẹ̀ ni aráyé fi rí i. Li ọdún 2003 ni Sibusiso Vilane, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dé ibẹ̀, ènìyàn dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́.

Àwa kò ha ní òkè bí? Adágún omi wà lórí òkè Adó-Àwáyé, li ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè ju 600 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gun òkè wọ̀nyí, kí nwọ́n sì ya àwòrán wọn pẹ̀lú ohùn àwọn àgbà, kí ilẹ̀ tó ṣú.