Ṣúgà àti Agogo Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí a bá dárúkọ àtọ̀gbẹ, ìtọ̀ tí èèrà ń ṣù bò àti egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa alátọ̀gbẹ jù. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ṣúgà tó bá pọ̀jù a máa ti àwọn ẹ́ńsáìmù inú platelet sí àṣejù. Ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà rẹ̀, ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Platelet ni wóró tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀ tí kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 lọ. Bí ọ̀bẹ bá gé ni lọ́wọ́ nídìí ẹ̀fọ́, àwọn ló ń sáré ṣù bo ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Ẹ́ńsáìmù COX-1 ni wọ́n fi ń ṣe thromboxane, agogo tí wọ́n ń lù láti pe ẹgbẹ́ wọn. Kò di dandan kí ínsúlínì ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà tó wọ platelet: bó bá kún ìta, yóò kún inú. Nígbà náà ni aldose reductase, ẹ́ńsáìmù tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà di sorbitol. Èròjà kan tó ń jẹ́ NADPH ló ń ná síṣẹ́ yìí, òun kan náà sì ni sẹ́ẹ̀lì fi ń tún glutathione ṣe, ọdẹ tí ń lé àwọn èròjà oxygen apanirun. Wọ́n ti fi owó oṣù ọdẹ ṣe fàájì. Ta ni yóò ṣọ́lé? Àwọn apanirun a wá ru platelet sókè, agogo a sì máa dún níbi tí kò sí ọgbẹ́, títí platelet yóò fi ṣù dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn tàbí ọpọlọ.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tí ń bá àtọ̀gbẹ rìn ló yẹ ká dá lẹ́bi. Wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1990, Davì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wọn àṣẹ́kù thromboxane nínú ìtọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, ó sì ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Nígbà tí wọ́n káwọ́ ṣúgà wọn, àṣẹ́kù náà lọ sílẹ̀. Bí ṣúgà kò bá mọwọ́ mẹsẹ̀, kí ló dé tí thromboxane fi bá a lọ sílẹ̀?

Wọ́n á tún ní: aspirin kúkú ń dí COX-1 lọ́wọ́, kí gbogbo alátọ̀gbẹ máa lò ó. Ìwádìí ASCEND ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, dán an wò lára alátọ̀gbẹ 15,480 tí àrùn ọkàn kò tíì hàn lára wọn. Ìṣòro ńlá ti ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 9.6% láìsí aspirin, 8.5% pẹ̀lú rẹ̀; ìṣẹ̀jẹ̀ tó le sì gòkè láti 3.2% sí 4.1%. Nínú 1,000 ènìyàn, bí 11 ṣe jèrè ni 9 ṣẹ̀jẹ̀. Ti ẹni tí àrùn ọkàn ti kọlù rí yàtọ̀. Kí ó gbọ́ ti dókítà rẹ̀. Aspirin ń di agogo lẹ́nu, kò lé ẹni tó ń lù ú. Àmọ́ láàárín ọjọ́ 10, platelet ti pààrọ̀ ara wọn: ẹni tó bá tún oúnjẹ, ìrìn àti oògùn rẹ̀ ṣe lónìí, inú ẹ̀jẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni a óò bí àwọn tuntun sí.