Áfárééjì Kíláàsì Kékeré

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìṣirò. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti ń ta sánsán níta, ẹ fara dà á fún mi, kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn olùkọ́ tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ dá sílẹ̀ ló gbé mi dìde. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a ṣírò áfárééjì máàkì kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ tí tirẹ̀ bá ga jù gba owó. Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ká sọ pé kíláàsì kan ní ọmọ 12, èkejì ní 80. Ọmọ kan tí à ń retí pé yóò gba 50 wá gba 98. Máàkì 48 ló fi lé e. Láàárín ọmọ 12, áfárééjì á fi 4 gòkè. Láàárín 80, 0.6 péré ni! Ṣé olùkọ́ kan ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ ni? Rárá o. Bí ọmọ yẹn bá sì ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò ńkọ́? Kíláàsì kékeré náà ló máa já wálẹ̀ jù. Bí ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ṣe rí: ẹnì kan dìde, gbogbo rẹ̀ mì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀. Ní 2007, Howard Wainer, onímọ̀ ìṣirò, kọ̀wé nípa ilé-ìwé 1,662 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nínú 50 tí máàkì wọn ga jù, 6 wà lára àwọn 50 tí ọmọ wọn kéré jù níye, bẹ́ẹ̀ 1 tàbí 2 ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ilé-ìwé kékeré ló dáa jù. Àjọ Bill Gates tilẹ̀ ti ná owó ńlá lé e lórí. Wainer bá wo ìsàlẹ̀ ìwé. Nínú 50 tí máàkì wọn relẹ̀ jù, 9 jẹ́ ilé-ìwé kékeré wọ̀nyẹn kan náà!

Olùkọ́ ìṣirò tèmi, àwa bí ọgọ́rin la kún iwájú rẹ̀. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni fún un ní ẹ̀bùn rí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọdún kan ṣoṣo dájọ́. Kí mímì yẹn tó dín sí ìdajì, iye ọmọ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kó máàkì ọdún 4 pọ̀ fún kíláàsì kékeré, ó di ọmọ 48. Kí ẹ sì gba ìwé máàkì gbogbo ọmọ, kì í ṣe áfárééjì nìkan, ká lè rí ẹni tó wà lókè àti ẹni tó ń jìyà nísàlẹ̀. Mo ti kọ àbá yìí fún akọ̀wé. Ẹ bá mi kà á kí ẹ tó dìbò.