Ìwé Kíláàsì
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún, ní Ìkátẹ Ẹlẹ́gùṣì

 A kí yín kú ewu ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá gba ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ wá ní òwúrọ̀ yìí ti mọ ìdí rẹ̀ tí a fi ka sùúrù mọ́ èso Ẹ̀mí.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìfifúnni àti ìrànlọ́wọ́ láàárín ìjọ. Iye owó tí a dá wà nínú ìwé ìṣirò, àwa kò ní tún un kà. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni ìwé kékeré kan tí olórí kíláàsì máa ń gbé láti ilé dé ilé, èyí tí ó ti di ohun àtijọ́ láàárín wa.

Ìtàn rẹ̀ lọ báyìí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìpàdé wọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley lọ́rùn. Ọ̀kan nínú wọn, Captain Foy, dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Ẹnìkan dáhùn pé ọ̀pọ̀ ni kò ní kọ́bọ̀ náà. Foy ní kí wọn kó mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tòṣì jùlọ fún òun. Òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i san, òun yóò san án fún un. Báyìí ni a ṣe pín wọn ní méjìlá méjìlá. Nígbà tí àwọn agbowó bẹ̀rẹ̀ sí yíká, wọ́n bá ohun tí wọn kò wá lọ: ẹni tí ń ṣàìsàn, ẹni tí òun àti aya rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ. Gbèsè ni a fẹ́ san, ìtọ́jú ọkàn ni ó ti ibẹ̀ jáde. Kí ó má sì dun ẹnikẹ́ni pé ọ̀dọ̀ Wesley ni a ti mú un. Àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni Wesley títí ó fi kú.

Ètò kíláàsì dé ọ̀dọ̀ àwọn Sàró ní Freetown, ó sì bá wọn padà sí ilẹ̀ wa. Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé C.M.S. láti ọdún 1841 títí di 1872, tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Nígbà tí James Johnson dé Èkó ní ọdún 1874, iṣẹ́ yìí ni ó gbé lé èjìká àwọn ará Breadfruit. Kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa rárá. Wọ́n ti ń dá èésú kí òyìnbó tó dé. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ ọ́ sínú ìwé Ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. Wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àáró. Ẹni tí ó bá wà nínú àáró mọ oko ẹni tí ó kàn. Kò lè sọ pé òun kò gbọ́ pé koríko ti bo iṣu ẹnìkejì òun.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa kan. Kí náírà tó dé ní ọdún 1973, nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè, àwa jẹ́ ọ̀dọ́mọdé kátíkíìsì ní ibùdó kan létí ọ̀sà. Ìkórè ń bọ̀, a sì fẹ́ kí ìwé wa mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a dìde, a ka orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè owó kíláàsì lójú gbogbo ìjọ. Orúkọ apẹja àgbàlagbà kan wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí a jáde, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, bàbá wa àgbà ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ yà kí àwọn.” A bá bàbá lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú tó ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹní, ó mú àkísà dídì kan jáde, ó tú u: kọ́bọ̀ márùn-ún. Ó ní, “Mo ti ń retí yín, tíṣà. Ẹ kò wá gbà á ni.” Kò bínú. Olórí kíláàsì rẹ̀ ti rin ìrìn àjò. Àwa mọ̀, a kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi kọ òdo síwájú orúkọ ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nínú ilé tí ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ní ìsinsìnyí, ẹnfílọ́ọ̀pù ni a ń lò, ọ̀pọ̀ sì ń fi owó ránṣẹ́ láti orí tẹlifóònù. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Òrùlé tí ó wà lórí wa jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹnfílọ́ọ̀pù kò lè wo inú ìkòkò ẹni. Ìlú yìí pàápàá kò rí bí ó ti rí mọ́. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1990 ni ìjọba ológun wó Màrókò. A kó díẹ̀ nínú àwọn tí ó di aláìnílé wá sí Ìlàsán, tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé gogoro dé. Lónìí, ẹni tí ń gbé ní àjà òkè àti ẹni tí ń ṣọ́ géètì ilé náà lè jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn kò tíì jẹun láti àná. Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn: a ń fi máíkì ké orúkọ ẹni tí ó dá owó ńlá, ìyá tí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé kò sì sí nínú àwọn tí a ń pè.

Ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ. Àwọn Àpọ́sítélì kò ní kí wọn dákẹ́. Ọkùnrin méje ni a yàn, orúkọ Gíríìkì sì ni méjèèje ń jẹ́. Nítorí náà, a ti bẹ Fíkà wa, wọ́n sì ti gbà, pé kí a tún pín ìjọ sí kíláàsì ní méjìlá méjìlá, kí àwọn olùbẹ̀wò má sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan. Kí ará Ìlàsán wà níbẹ̀, kí ẹni tí ń ṣọ́ géètì náà wà níbẹ̀. Wọn kò ní gba owó. Ẹsẹ̀ wọn àti wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni a ń tọrọ.

Ìwé náà wà lórí tábìlì ní fẹ́sìrì, pẹ́ńsù sì wà nínú rẹ̀. Àwa ti kọ orúkọ tiwa sí ìlà kìíní. Orúnkún wa kò gbé wa jìnnà mọ́, nítorí náà, òpópónà tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni a mú, láti ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà títí dé ẹnu odò.