Òkúta Inú Kíndìnrín: Bí A Ti Ń Wọn Ìgbé-ayé Ẹni Tí Ó Ní In
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

Nígbà tí akọ̀wé wí fún mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, mo rò pé ibà ni ó ní lọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti òkúta inú kíndìnrín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi àti ẹ̀yin pàápàá.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rántí pé fún nǹkan bí ọdún méjì, èmi kò yọjú sí ìpàdé yìí. Ẹ bu owó ìtanràn lé mi, mo sì san án. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé tíṣà ti di ará ìlú ńlá, ó ti gbàgbé ilé. Ní àkókò náà, òkúta kan tí kò tó hóró àgbàdo ti jáde lára mi, dókítà sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ara mi ti dá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora náà bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, tí ó ti yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ bí ọmọdé, kì í tún fi ọkàn balẹ̀ wọ ọkọ̀ tí yóò rin wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá mú mi lójú ọ̀nà ńkọ́? Nítorí pé kò sí ibi tí ènìyàn lè tọ̀ sí lọ́nà, èmi kì í mu omi bí mo bá fẹ́ rin ìrìnàjò. Àìmu omi yìí kan náà ni ó sì ń mú kí òkúta tún dì. Ìwé ilé ìwòsàn kò mọ nǹkan kan nípa èyí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Kíndìnrín ni ó ń sẹ́ ìtọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí omi ara bá kéré, àwọn iyọ̀ inú ìtọ̀ a máa dì pọ̀, wọn a sì le díẹ̀díẹ̀ bí òkúta. Èyí tí ó tóbi lè jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí láìsí ariwo. Èyí tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ sì lè há sí ojú ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò rẹ̀, kí ìtọ̀ sé, kí kíndìnrín wú, kí akọni ọkùnrin sì máa ké. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi títóbi òkúta inú àwòrán X-ray díwọ̀n ìyà aláìsàn, àṣìṣe ni ó ń ṣe. Kò sì tán síbẹ̀: nínú àwọn tí òkúta ti mú rí, bí ìdajì ni ó tún máa ń padà wá bá láàárín ọdún 10.

Báwo ni a ó ti wọn ohun tí kò hàn nínú àwòrán? A ó bi ẹni tí ó ni ara. Láti 1992 ni ìwé ìbéèrè kan ti wà ní Amẹ́ríkà, SF-36 ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń bèèrè bóyá ènìyàn lè gun àkàsọ̀ tàbí kí ó gbé ẹrù. Ní 2007, Kristina Penniston àti Stephen Nakada ti Yunifásítì Wisconsin fi í wo àwọn tí òkúta ń yọ lẹ́nu, wọ́n sì rí i pé ti àwọn obìnrin burú ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òkúta lè gun àkàsọ̀ dáadáa lọ́sàn-án, kí ó má sì lè sùn lóru. Ní 2013, àwọn méjèèjì gbé ìwé mìíràn jáde fún àìsàn yìí nìkan, èyí tí à ń pè ní WISQOL. Ìbéèrè 28 ni ó ní: lórí oorun, àárẹ̀, títọ̀ lemọ́lemọ́, iṣẹ́ tí a pa jẹ, àjọṣe pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, àti ìbẹ̀rù pé òkúta yóò tún wá. A ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, gẹ́gẹ́ bí àwa tíṣà ti ń ṣe, a sì ń gbé àròpọ̀ rẹ̀ ka orí ìwọ̀n 0 sí 100. Bí ó bá ti ga tó ni ìgbé-ayé náà ti dára tó.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti le fún àwa Yorùbá nìyí. Bí a bá bi ẹnì kan nínú wa pé, “Ara ńkọ́?”, “A dúpẹ́” ni yóò fi dáhùn, ì báà jẹ́ pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìwà ọmọlúwàbí ni, èmi kò sì bú u. Ṣùgbọ́n “a dúpẹ́” kò ní máàkì. Ẹ bi í pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jí lóru àná? Ọjọ́ mélòó ni ẹ kò lè dé ọjà lọ́sẹ̀ yìí?” Nígbà náà ni ẹ ó gbọ́ òótọ́. Ìtumọ̀ pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀: ìrora kì í ṣe ìnira, bẹ́ẹ̀ ni ìnira kì í ṣe ìdààmú. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ṣe é ṣe. Ní 2006, àwọn onímọ̀ tiwa yẹ ìtumọ̀ Yorùbá ti ìwé ìbéèrè kúkúrú Àjọ Ìlera Àgbáyé wò láàárín àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú rí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra ibùsùn fún ilé ìlera wa, ẹ ra ìwé ńlá kan mọ́ ọn, kí àwọn nọ́ọ̀sì máa kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí i kí aláìsàn tó gba ìtọ́jú, àti lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ bi í léèrè kí ẹ tó bu owó lé e. Ní ti owó ìtanràn tèmi, èmi kò ní kí akápò dá a padà.