Agolo Sàdíìnì Lórí Páálí
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Lọ́kọ́jà

Orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu mi. Lónìí, ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ẹ rántí pé nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ owó ìrànlọ́wọ́ ilé-ìwé ní ìpàdé tí ó kọjá, èmi ni mo dìde tí mo ní kí a má ṣe fún ọmọ wa tí ó ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Ó ní ẹ̀rọ kan ni òun fẹ́ mọ̀ dájú, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Mo ní, kí ni a fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ rẹ́rìn-ín, a sì sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà wá sí ìsọ̀ mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní páálí kan àti agolo sàdíìnì kan." Ó tẹ́ páálí sórí kántà, ó gbé agolo lé e. Ó ti páálí síwájú jẹ́jẹ́, agolo bá a lọ. Lẹ́yìn náà ó já páálí padà lójijì, agolo kò bá a padà, ó dúró síbi tí ó dé. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí agolo fi dé etí kántà. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà nìyẹn, sà."

Mo bi í pé ta ni ń ti páálí inú ẹ̀rọ. Ó na ọwọ́ sí láítà gáàsì tí mo ń tà, èyí tí kò ní bátìrì tí ó ń dún "pá". Òòlù kékeré ni ó ń lu ohun líle kan nínú rẹ̀, tí iná fi ń ta jáde. Ní ọdún 1880 ni Jacques Curie àti Pierre Curie, ọmọ ìyá kan náà, rí i ní Paris pé àwọn òkúta kan ń mú iná mànàmáná wá bí a bá fún wọn. Ní ọdún 1881 wọ́n fi hàn pé bí a bá fi iná sí wọn, àwọn náà a máa nà, wọn a sì máa sún kì. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú aago ọwọ́ alábátìrì.

Amọ̀ sísun tí a fi òjé sí ni wọ́n sábà ń lò nínú ẹ̀rọ yìí. Bí ó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, nínà rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Yóò nà jẹ́jẹ́, yóò sún kì lójijì, bí ọwọ́ ọmọ yẹn lórí páálí. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dieter Pohl, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí fún IBM ní Switzerland, kọ̀wé nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1987.

Mo ní, mọ́tò oníwáyà ńkọ́? Ó fi fúláàsìkì hàn mí. Láàárín ògiri rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde, ìdí nìyẹn tí ooru kò fi tètè rí ọ̀nà lọ. Àwọn tí ń fi electron wo ohun tíńtínní, irú ẹ̀yà inú fóònù, inú àgbá tí kò ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí. Níbẹ̀, mọ́tò oníwáyà yóò gbóná, kò ní rí afẹ́fẹ́ tí yóò tù ú. Gíríìsì rẹ̀ yóò di oru, yóò lẹ̀ mọ́ ohun tí a ń wò, agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò sì máa yí electron lọ́nà. Ṣùgbọ́n a lè ṣe ẹ̀rọ ìṣísẹ̀ yìí láìní gíríìsì, láìní mágínẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá dé ibi tí a fẹ́, a lè pa iná rẹ̀, kì yóò sì kúrò níbẹ̀.

Ó ní àléébù rẹ̀. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba: ti ìlọ lè yàtọ̀ sí ti àbọ̀, ojú ibi tí ó ń yọ́ sì ń jẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí ó péye, wọ́n máa ń fi ohun ìwọ̀n tì í, tí yóò máa sọ ibi tí ó dé. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn. Owó ẹgbẹ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan kò bá kà á, a kò lè mọ ibi tí a dé.

Ẹ̀yin ará, ìṣòwò ni ó gbé àwọn bàbá wa wá sí etí odò Ọya yìí. Ìwé kékeré ni èmi kà, ìsọ̀ ni mo mọ̀. Ṣé ìsọ̀ nìkan ni a óò fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ? Mo fa ọ̀rọ̀ mi ti ìpàdé tí ó kọjá sẹ́yìn níwájú gbogbo yín. Mo dá a lábàá pé kí a fún ọmọ náà ní owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ dá tèmi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìdájọ́ kù sọ́wọ́ ìpàdé.